Ẹsẹ̀ Híńjì Tí Mo Gé Kúrú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti di ọdún kẹta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, ó sì ti sú mi. Ọkùnrin tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ló wá bẹ̀ mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n bá òun tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹ wá bú mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yìn ilé mi ní Kétu ni mo ti ń ṣe irin: híńjì géètì, ìkọ́, ìdábùú ilẹ̀kùn. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Fáìsì kan tí mo fi ń di irin mú, ayùn irin kan, ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin, ó parí. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò kéré. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé híńjì tó bá ti ọwọ́ mi jáde, ọmọ-ọmọ ẹni ló máa jogún ẹ̀. Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Alhaja tó ń gbé òdìkejì ilé mi ló ní kí n ṣe híńjì géètì òun. Lámídì bíríkìlà ló mọ òpó rẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, híńjì géètì máa ń ní ẹsẹ̀ tó ń wọ inú òpó. Ó gbọ́dọ̀ gùn, a sì máa ń la ìdí rẹ̀ bí ìrù ẹja, kí sìmẹ́ńtì lè gbá a mú.

Irin mi ò tó. Híńjì òkè ló kù. Ó yẹ kí n padà sí ọjà Owódé Onírin lọ ra sí i, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, ọ̀lẹ sì mú mi. Mo gé ẹsẹ̀ náà kúrú, mi ò sì là á. Mo ní, "Ta ló fẹ́ fọ́ òpó wò?"

Ọjọ́ Jímọ̀ la fẹ́ kọ́ géètì náà. Lámídì ti dá ihò sílẹ̀ lára òpó. Ó bi mí pé, "Uncle, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn dáadáa?"

Inú bí mi! Mo ní, "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Máa lọ kírun ẹ, màá fi sìmẹ́ńtì dí i fúnra mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo ti ẹsẹ̀ kúkúrú náà bọ ihò, mo sì rọ sìmẹ́ńtì lé e.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí géètì fi wó. Híńjì òkè fà yọ, ó gé lára òpó dání. Géètì gbá Alhaja lẹ́sẹ̀, ó sì tiro fún ìgbà pípẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe o. Kí n tó gbé Alhaja dìde, mo ti ṣa híńjì náà nílẹ̀. Ohun tó yẹ kó gùn, ó wọ àpò ṣòkòtò mi wẹ́rẹ́.

Ihò lára òpó nìkan ni àwọn èèyàn bá. Alhaja figbe ta: "Iyanrìn lásán ni Lámídì fi mọ òpó fún mi! Ó ti jẹ sìmẹ́ńtì mi!"

Wọ́n pe Lámídì dé, ó ń búra, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ni èmi bá dá sí i. Mo ní, "Alhaja, ẹ dárí jì í, kò sẹ́ni tí kì í ṣàṣìṣe." Ẹ ò ní gbà á gbọ́, Lámídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, Lámídì Ajẹsìmẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ ògiri bálùwẹ̀ lásán kò pè é mọ́. Bíríkìlà gidi wá di ẹni tó ń já iyanrìn nínú ọkọ̀ ojú omi l'Ágbóyì. Tí mo bá sì rí i lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń sá wọ ṣáláńgá. Àgbà bíi tèmi! Ìyàwó mi ti ra oògùn inú rírun fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ní báyìí, àwọn onílé fẹ́ ṣe géètì sí ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa. Èmi ni wọ́n gbé híńjì rẹ̀ fún, ẹ ò rí ayé? Ni Lámídì bá wá sílé mi. Ó ní, "Uncle, ẹ̀yin nìkan lẹ bẹ̀bẹ̀ fún mi nígbà yẹn. Tí ẹ bá dìde ní ìpàdé àwọn onílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí ẹ ní kí n mọ òpó yẹn, wọ́n á gbà."

Mo ní màá rí sí i. Kí ni mo tún fẹ́ rí sí?

Tí mo bá tún dìde pé kí wọ́n dárí jì í, mo ti tún pa á nìyẹn. Tí mo bá sì sọ òótọ́, Alhaja ń bẹ níbẹ̀. Mo bẹ̀rù ẹnu obìnrin yẹn ju ọlọ́pàá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á sú. Ẹ má sì sọ pé kí n yọ́ lọ bá Lámídì nìkan kí n bẹ̀ ẹ́. Mo mọ ọkùnrin náà. Ó máa wò mí, ó máa ní, "Uncle, ẹ jẹ́ ó tán síbẹ̀, ẹ má sọ fún ẹnì kankan." Yóò bò mí láṣìírí, yóò sì padà lọ máa já iyanrìn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí mo mọ ara mi: màá gbà.