Òwú Pupa Lọ́rùn Ìgò

Etí omi Ẹ̀pẹ́ ni a ti ń retí ọkọ̀ Ìkòròdú nígbà tí ìyàwó ládàánì, ọkùnrin tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, wá bá bàbá olóògùn kan tó wà lára àwọn tó bá ọba sá kúrò l'Ékòó.

“Ẹ̀yin bàbá, oògùn orúnkún tí ẹ tà fún mi, ọkọ mi mu ún. Ó bó o lọ́fun.”

“Ó mu ún kẹ̀! Ìpara ni. Ṣebí mo so òwú pupa mọ́ ìgò rẹ̀ lọ́rùn? Ní Èkó, kò sẹ́ni tó máa rí òwú pupa kó gbé e sẹ́nu.”

“Ní agboolé tiwa, èyí tó bá ní òwú pupa là ń kọ́kọ́ mu. Èmi ni mo bù ú fún un.”

Bàbá ní, “Ẹnu mi wà níbẹ̀, mo jẹ́ kí òwú sọ̀rọ̀.”

Ó tú òwú kúrò lọ́rùn ìgò kan, ó tún so ó padà. “Ẹnu mi wà níbẹ̀.”

“Ó ti ń jẹun, bàbá. Ohùn ni kò padà.”

“Ta ló wá ń pe ìrun?”

“Àbúrò rẹ̀ ni. Àmọ́ bí àkókò bá ti tó, òun náà á dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fi ọwọ́ sí etí, ẹnu rẹ̀ á máa ṣí, á máa padé. Èmi náà á bu omi, màá lọ ṣe àlùwàlá, kó lè dà bíi pé mo gbọ́.”