Èmi Ni Mo Wọ́ Ẹsẹ̀ Bàbá Káfíńtà

Ẹ gbé ife sílẹ̀ ná. Ẹ wá bá mi yọ̀ pé mo yege ìdánwò ìwé-àṣẹ fisió, iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ẹ kò ní bá mi yọ̀ sí, òun ni mo sì fẹ́ sọ kí ẹnikẹ́ni tó gbàdúrà lé mi lórí. Mọ́mì, ẹ má ṣẹ́jú sí mi. Láti àárọ̀ lẹ ti ń bẹ̀ mí pé kí n fi bò. Mo gbọ́, n kò sì gbà. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. Bàbá Káfíńtà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ẹ jókòó lẹ́bàá fèrèsé nítorí pé èémí kì í tó yín mọ́, ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ kàn. Ó sì kan ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí ẹ ń wò bí ẹni ń wo olè. Èmi ni mo ní kó wá.

Gbogbo yín mọ̀ mí. Bí àdììtú bá wà nílẹ̀, n kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ àfi bí mo bá tú u. Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kínní, mo dẹ́kun kíkọ́ nípa iṣan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa ẹni tó ń ṣe ìbéèrè. Bí ìdáhùn méjì bá ta ko ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ni. Èyí tó bá ní “nígbà gbogbo”, irọ́ ni. Bí wọ́n bá ní wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan, tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ wá wú, tó gbóná, tó ń ro ó, má wulẹ̀ ka ìyókù: “Má fọwọ́ kàn án, pe dókítà” ni ìdáhùn. N kò jí ìbéèrè wò, n kò sì ní tọrọ àforíjì nítorí pé orí mi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́ nìyẹn.

Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, lèmi àti ẹ̀ jọ ń kàwé. Ní yunifásítì ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí aláìsàn máa ń sùn lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá ní orúnkún, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, ara wọn la fi ń kọ́ṣẹ́. Àwọn náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní fún un pé, “Ọmọ mi, ìwọ wá tẹ̀ ẹ́.” Wọ́n á yíjú sí mi: “Ọ̀mọ̀wé, ìwọ máa ka ìwé fún wa. Ọwọ́ tìrẹ dà bíi pátákó tí wọn ò tíì fá.” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí dé mùdùnmúdùn eegun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá dojú dé orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń tòògbé. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn ojúgun, ó sì fà á sẹ́yìn kíá. “Ó gbóná o. Wo bó ṣe wú ju ìkejì lọ. Má fọwọ́ kàn án, jẹ́ n lọ pe mọ́tò.” Mo ní, “O ti wá di dókítà nìyẹn?” Ó ti jáde.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti dáhùn ìbéèrè ẹsẹ̀ gbígbóná, mo sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ inú ìwé máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹsẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì dákẹ́ ni. Kò sí A níbẹ̀, kò sí B. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí Bàbá lajú, kí wọ́n ní, “Ta ló wọ́ mi dáadáa báyìí?”, kí n sì dáhùn pé èmi ni. Mo da òróró sọ́wọ́. Mo fi àtàǹpàkò wọ́ ọ láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè. Láàárín oorun, Bàbá ní, “Hẹ̀n-ẹ́n, ọwọ́ yìí dára.” Inú mi dùn! Kí mọ́tò tó dé, wọ́n ti ń wá èémí.

Ní ọsibítù, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ ló já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó rí òróró lára rẹ̀, ó ní, “Ta ló wọ́ ẹsẹ̀ yìí?” Ohùn Bàbá fẹ́ẹ̀ má jáde: ọwọ́ tó dẹ̀ ni, ó ní láti jẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn. Gbogbo ojú yí sí i. Òun wò mí. Ó ní, “Sọ fún wọn.” Mo ní, “Òun ni.”

Ìgbéraga ni mo fi wọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ méjì tí mo sọ yẹn, ìkà ni. Ọwọ́ tí ẹ ń yìn náà lẹ fi mú un. Ìyàwó Bàbá, ẹ̀yin lẹ lọ fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ tó ń fúnni níwèé-àṣẹ; wọn kò jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò. Èmi jókòó. Ìbéèrè ẹsẹ̀ gbígbóná tún jáde. Mo mú èyí tó tọ̀nà, mo sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Ẹ má pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ nà mí, ẹ̀yìn mi rèé. Ọ̀sán òní ni ìgbìmọ̀ máa dá ẹjọ́ rẹ̀, bí n kò bá sì lọ, wọ́n á lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ yìí pátápátá. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé-àṣẹ mi, kí wọ́n gbà á. Bàbá, ẹ̀yin àti òun nìkan ni mo bẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa bínú lọ. Àbúrò mi, ìwọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, gbogbo ọgbọ́n ìdánwò tí mo ní ni màá kọ́ ọ, n kò ní fi ọ̀kan pamọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bá ọmọbìnrin yẹn, kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀.

Bàbá, kí lẹ wí? Ta ló ni ọwọ́ tó dára yẹn? Èmi ni, sà.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, jẹ́ ká máa lọ. Mọ́tò ti wà níta. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo lọ pè é.