Mo Búra Pé Ọmọ Mi Ni, Kó Lè Sáré fún Nàìjíríà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Irọ́ kan ti wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti sú mi. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn ọmọ méjì kan fẹ́ fẹ́ ara wọn, gbogbo ẹbí mi ní èèwọ̀ ni, èmi nìkan ni mo sì lè sọ pé kì í ṣe èèwọ̀. Wọ́n bi mí níṣojú gbogbo ilé. Mo tún purọ́.

Kóòṣì eré sísá ni mí. Jakande ní Ìlàsàn ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ọmọ Ajah ni mí, ilé bàbá wa ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ni olórí ẹbí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kó àwọn ọmọ jọ láàárọ̀ lórí iyanrìn etíkun Ìkàtẹ́, tí mò ń kọ́ wọn ní eré. Inú máa ń tètè bí mi. Ẹni tó bá ti sáré lábẹ́ mi rí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọbìnrin tí n ó máa pè ní Adúkẹ́. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀, torí ẹ lè ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń fọṣọ, ó sì ń lọ aṣọ, fún àwọn ará ẹ́sítéètì kan ní Ìkàtẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kú ní Kétu, ní òdìkejì bọ́dà, ní ilẹ̀ Benin, kí ìyá àtọmọ tó wá sí Èkó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ru àpò aṣọ tí wọ́n ti lọ̀, ó ń sáré kí òjò má bàa pa aṣọ oníbàárà. Ó sáré kọjá àwọn ọmọ mi tó wọ bàtà eré. Mo dúró, mò ń wò ó bíi dìndìnrìn.

Kétu ni mo wí o. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Yorùbá ẹnu Adúkẹ́ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Lẹ́kí lọ, àwọn tí wọn ò lè ka ení dé ẹ̀wá láìfi Òyìnbó lú u. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, òun ni àjèjì.

Láàárín oṣù mélòó kan, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo Èkó tó lè bá a sá irinwó mítà. Kí ló kù? Kó wọ aṣọ Nàìjíríà kó lọ sáré. Àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní kò níwèé ọmọ Nàìjíríà. Mo ní ẹ fún un níwèé. Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá gbé nílẹ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dúró de fáìlì yín ni? Mo kọ lẹ́tà. Mo tún kọ òmíràn. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn títí àwọn tó ń ṣọ́ géètì fi ń pè mí ní Bàbá Lẹ́tà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé méjì nínú àwọn ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ló ń sáré fún orílẹ̀-èdè mìíràn lónìí. Àwọn yẹn ò fi nǹkan falẹ̀. Wọ́n rí ẹsẹ̀ tó dáa, wọ́n fún ọmọ ní páásípọ́ọ̀tù kó tó mọ orin ilẹ̀ wọn. Tiwa, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ wo? Ẹ dákun, ọ̀sẹ̀ wo gan-an?

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan tí mi ò ní dárúkọ wo ìwé tí mo kó síwájú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kóòṣì, ká ní ọmọ yín ni, ṣé ẹ máa jókòó níbí lónìí?" Mo mọ̀ pé àwàdà ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo lọ sí kóòtù, mo búra pé èmi ni mo bí Adúkẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà. Mo ní èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ bí i, ọdún méjì kí n tó gbé ìyàwó mi. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní orúkọ bàbá ọmọ òun ni ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn fi sílẹ̀ fún un. Mo rọ̀ ọ́, kò gbà. Ni inú bá bí mi, mo bi í bóyá aṣọ olówó ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa fọ̀ títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú ni. Obìnrin náà tẹ̀ka.

Ìwé kóòtù nìkan ò tó. Wọ́n ní kí ẹbí jẹ́rìí sí i kí wọ́n tó kà á sí ọmọ ìbílẹ̀. Mo mú Adúkẹ́ lọ sílé wa ní Ajah. Ẹ̀gbọ́n mi ò bi mí ní ìbéèrè kan. Ta ló ń bi ọkùnrin ní ẹ̀rí bó bá mú ọmọ wálé? Ó pe ẹbí jọ, ó fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ó sọ ọ́ lórúkọ, omi ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo wọn ń dì mọ́ mi. Ìyàwó mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ọdún yẹn ò parí tí Adúkẹ́ fi gba páásípọ́ọ̀tù. Ó sáré lọ́hùn-ún, ó sáré níhìn-ín, ó gba mẹ́dàlì. Wọ́n ń ya èmi pẹ̀lú rẹ̀ ní fọ́tò. Ará àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Adúkẹ́. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn, mi ò ní fi irọ́ ìyẹn kún un.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọkùnrin kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní Múyìwá. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe fáwọn ọ́fíìsì ní Ọnírù, ó sì ní mọ́tò. Èmi ni mo ní kó máa gbé Adúkẹ́ lọ sí pápá, kó máa gbé e bọ̀, pé àbúrò rẹ̀ ni, kó tọ́jú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi gbé e lọ, tó gbé e bọ̀. Kí ni mo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Múyìwá ò ṣe ohun tí kò dáa. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣe fún un. Adúkẹ́ ló kọ́kọ́ rí i pé ọkàn òun ti ń fà sí i, ló bá sọ òótọ́ fún un pé òun kì í ṣe ọmọ mi. Wọ́n wá bá mi, àwọn méjèèjì, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ ọ́ fún ẹbí. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Àyè díẹ̀ yẹn di ọdún kan àbọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìyá Múyìwá rí wọn létíkun Ọnírù, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ó ṣubú síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru débi pé ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù. Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n mi pe gbogbo wa jọ sí Ajah lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ìyá Adúkẹ́ náà wá. Wọ́n bú Múyìwá bí ẹni bú ẹran. Ó kàn ní kí wọ́n bi èmi.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. Ó ní, "Àbúrò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ. Ṣé ìwọ lo bí ọmọ yìí?"

Adúkẹ́ ń wò mí. Múyìwá ò gbójú sókè.

Mo ní, "Èmi ni mo bí i."

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sọ fún Múyìwá pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé kí oṣù yìí tó parí, òun ò bí i mọ́. Ẹ bá mi wò ó. Ó kọ ọmọ tó bí nítorí ọmọ tí mi ò bí, mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ ara mi.

Bí a ṣe ń jáde, ìyá Adúkẹ́ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ gba orúkọ bàbá rẹ̀, mo fún yín. Ṣé ẹ tún fẹ́ gba ọkọ rẹ̀ ni?"

Mo ní àwáwí nílẹ̀ o. Mo ti ní in fún ọdún kan àbọ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á gba páásípọ́ọ̀tù ọmọ náà. Wọ́n á gba mẹ́dàlì rẹ̀, wọ́n á sì gba ti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ sá eré tí wọ́n ti ń gba igi lọ́wọ́ ara wọn, àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Wọ́n lè tì mí mọ́lé. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mo pe Adúkẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo tún kà á fún un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun ti rò ó títí. Ó ní òun máa lọ sọ ọ́ fún ìjọba fúnra òun, òun á sì bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun. Ó ní bí wọ́n bá gbà kí òun ṣì wà nílẹ̀ yìí, òun á tún bẹ̀rẹ̀ fáìlì òun láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà gba ogún ọdún. Títí oṣù yìí á fi parí ló fún mi láti sọ ọ́ fún ẹbí, bí mi ò bá sọ ọ́, òun á sọ ọ́. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eré mi ṣe àwáwí mọ́." Ó ṣì ń pè mí ní Bàbá.

Bí ọmọ náà ṣe lọ, mi ò ní ohun tí mo lè sá sẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó le fún mi nìyí. Mo ti kọ ọ́, mo ti pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́.

Èmi àti ìyàwó mi ò bímọ. Lọ́dún kejìlá tí a ṣègbéyàwó, dókítà ṣe àyẹ̀wò fún àwa méjèèjì. Èmi nìkan ni mo lọ gba èsì, torí ara ìyàwó mi ò yá lọ́jọ́ náà. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe obìnrin náà. Èmi ni. Ó ní kò dájú pé mo lè bímọ láéláé. Mo fa ìwé náà ya kí n tó kúrò ní ọsibítù. Nígbà tí mo délé, mo ní dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa, ká máa retí.

Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni mo mú Adúkẹ́ dé Ajah. Látọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò tún béèrè ẹni tí àìsàn wà lára rẹ̀. Ọkọ ti bímọ rí, ó ti yé gbogbo ayé. Ìyá Múyìwá sọ ọ́ sí ìyàwó mi lójú, nínú ilé ìdáná, mo sì wà ní pálọ̀, mo gbọ́. Ìyàwó mi ò lọ sí ọsibítù mọ́. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, ẹ̀yìn ló máa ń dúró, kó má bàa di pé wọ́n gbé ọmọ náà fún un. Kò torí rẹ̀ bínú sí Adúkẹ́. Òun ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń gbààwẹ̀ bó bá fẹ́ lọ sáré.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe lọ sí kóòtù. Torí eré ni. Mo lè búra. Ẹ wò ó, mo tún fẹ́ búra. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí lọ́jọ́ Àìkú, páásípọ́ọ̀tù kọ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Ìwé tí mo fà ya ló wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí a dé láti Ajah lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi. Mi ò jẹ ẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ Adúkẹ́ ló ń dùn mí. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó pa yín lára. Ó kéré tán, Ọlọ́run fún ẹ̀yin ní ọ̀kan."

Mo ní, "Àmín."

Oṣù ku ọjọ́ mọ́kànlá. Bí Adúkẹ́ bá sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́, ẹnu àwọn ará Ajah ni ìyàwó mi á ti gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà. Ẹ má sì kọ òfin ránṣẹ́ sí mi, mo mọ òfin. Mo ti ṣetán láti lọ bá ìjọba. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbá mi létí, ó tọ́ sí mi. Ìyàwó mi ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kojú. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí síwájú aya yín rí, ẹ bá mi wá gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹyọ kan ṣoṣo.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni ìyàwó mi. Ní gbogbo àárọ̀, ó máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ohunkóhun tí òun ṣe tí òun ò fi bímọ jì òun. Mo máa ń gbọ́ ọ láti pálọ̀.