Ohùn Tí Mo Gbé Sókè

Ẹ ní kí n kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣèré tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti kọ́ àwọn ọmọdé ní orin àti eré. Mo ti kọ ọ́ rí, mo sì ya á. Irọ́ ló kún inú rẹ̀. Dókítà ti wo ọ̀fun mi, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí n pẹ́. Kí ẹnu mi tó pa dé, ẹ gbọ́ òtítọ́. Mo ṣe ọmọ kan ní ibi. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Nígbà náà, mo máa ń lo sáà kan nílé ẹ̀kọ́ kan kí n tó kọjá sí òmíràn. Nínú ọ̀kan lára wọn, wọ́n fún mi ní gbọ̀ngàn tó ń rùn bí ṣọ́ọ̀kì àti òógùn, àti dùùrù ògbólógbòó kan. Ọmọ ọmọ mi wà lára àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Ohùn rẹ̀ dára. Ti Tíńtín dára jù ú lọ. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì náà nìyẹn, nítorí pé ó kéré. Etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ó pẹ́ kí n tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tíńtín ti fi ilé sílẹ̀ tipẹ́. Bàbá rẹ̀, káfíńtà, ló ń dá tọ́ ọ. Àìsàn ti wọ ọkùnrin náà lára, síbẹ̀ òun ló wá kan ìtàgé fún wa. Ó ń kan, ó ń húkọ́, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá olórin, ẹ má jó lórí ẹ̀ o! Àwọn ọmọ ni mo kàn án fún, mi ò kàn án fún ikùn yín." Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn kò dá mi dúró.

Eré wa dá lórí ilé kan tí àgbàrá gbé lọ. Ọmọ ilé náà yóò máa dárúkọ ohun tó bá omi lọ, àwọn yòókù á bi í pé ta ló kù, á sì dáhùn pé, "Bàbá mi ló kù." Èmi ni mo ṣe orin náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí wọn létí, mo ṣe àṣìṣe tí olórin èdè wa kò gbọdọ̀ ṣe. Mo jẹ́ kí ohùn gòkè níparí, níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀. Tíńtín bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ti pa bàbá mi o! Dò ló yẹ kó jẹ́, mí lẹ kọ."

Gbogbo kíláàsì ho yèè. "Bàbá mi ló kú! Bàbá mi ló kú!" Mo tún un ṣe, mo fọwọ́ pa á lórí. Inú mi kò dùn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti rí ọ̀bẹ tí mo máa lò.

Àwọn àlejò ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá kan. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú, wọn á tọ́ ọ, wọn á kọ́ ọ títí á fi dàgbà. Gbogbo wa ló mọ ẹni tí wọ́n máa mú. Ọmọ ọmọ mi náà mọ̀. Ó bi mí nídìí tábìlì oúnjẹ, "Bàbá àgbà, Tíńtín ni wọ́n máa mú, àbí?" Mo ní kó jẹun.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ti káfíńtà lẹ́yìn wọlé, ó jókòó níwájú, aṣọ òtútù lọ́rùn, ọ̀pá láàárín orúnkún. Mo pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Níparí orin yẹn, gbé e sókè."

"Bàbá, á di kú."

"Orin ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Àwọn àlejò fẹ́ràn ohùn tó bá gòkè."

"Bàbá mi wà níbẹ̀, sà."

"Ta ni olùkọ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó tán."

Mo rò pé àwọn èrò á rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ á dàrú, ohùn rẹ̀ á já. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn: kí ojú ti ọmọdé níwájú bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó fẹ́ wálẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo tẹ ohùn òkè lórí dùùrù, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò gbé ìka kúrò. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ó gòkè.

"Bàbá mi ló kú."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá káfíńtà, tó jókòó tì í, fò dìde, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Ọmọ yìí, ẹnu ẹ ni irú èyí ti jáde?" Káfíńtà fà á jókòó. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ló pàtẹ́wọ́ nínú gbogbo gbọ̀ngàn yẹn.

Àwọn àlejò mú ọmọ ọmọ mi.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá káfíńtà dúró sílé ìwòsàn. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti wọnú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ lórí dùùrù yẹn. Ikọ́ ló ń ṣe mí, etí mi ò dí."

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

"Mi ò bínú. Ẹ ní ọmọ ọmọ, ó yé mi. Àmọ́ ìyá mi ní ọmọ mi ló ń fi ẹnu pa mí. Ọmọ náà sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kọ́ òun, kò gbà. Èmi náà sọ ọ́, ó ní mò ń bo ọmọ mi ni. Tí mo bá lọ, ọwọ́ ìyá mi ló máa bọ́ sí. Ẹ kàn sọ fún ìyá mi. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

Mo ní màá sọ ọ́. Nígbà tí mo jáde, ìyá náà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àbẹ̀wò o, ọ̀gá." Mo kí i. Mo kọjá.

Ìyẹn kò tíì burú tó. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pè mí sí pálọ̀ wọn. Tíńtín wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín àwọn ẹbí.

Ìyá àgbà ní, "Ọ̀gá, ọmọ yìí ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Tíńtín gbójú sókè. "Bàbá, ẹ sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Mo wò ó. Mo ní, "Ìyá, kù ni mo kọ́ ọ. Gbogbo kíláàsì gbọ́." Òótọ́ ni, wọ́n gbọ́ kù. Aṣọ òótọ́ ni irọ́ mi wọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan mìíràn, síbẹ̀ mo fi kún un: "Òun ló kọ́kọ́ fi ikú bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nínú kíláàsì."

Ìyá àgbà gbá a létí. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ṣáà ń wò mí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Akọrin-pa-bàbá. Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo dúpẹ́, mo lọ sílé.

Ọmọ ọmọ mi di olórin, ẹ mọ̀ ọ́n. Tíńtín kò kọrin mọ́. Nígbà tí dókítà sọ tèmi fún mi, mo wá a lọ. Ó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì. Mo jẹ́wọ́ fún un lórí ìdúró, mo sì sọ ohun tí bàbá rẹ̀ bẹ̀ mí. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Bàbá mi mọ̀ pé kì í ṣe èmi?"

"Ó mọ̀."

"Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ó mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fọwọ́ tẹ́ aṣọ tó ń rán pẹrẹsẹ. "Títí Ìyá àgbà fi kú, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun. Èmi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Bàbá. Àwọn tí kò mọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ sọ fún." Ó tẹ ẹ̀rọ, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò dárí jì mí. Mi ò sì tún bẹ̀ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọmọdé á ṣe ohun tí ẹ bá ní kó ṣe, kódà tó bá mọ̀ pé kò dára. Ẹ bẹ̀rù ìyẹn. Ọmọ ọmọ mi, ibi tí o dúró sí, ibi ẹlòmíràn ni. Èmi ni mo gbé ọ síbẹ̀, ìwọ kò mọ̀. Ẹ̀yin ẹbí káfíńtà tó wà láyé, mo ti gbọ́ pé orúkọ yẹn lẹ ṣì ń pe ọmọbìnrin náà, pé àwọn ọmọ yín náà ti mọ̀ ọ́n pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́. Ọmọ náà gbọ́ràn ni.