Owó Idẹ Job àti Orúkọ Shuaib

Alága ìjókòó yìí, ọ̀gá wa àgbà. Ẹ̀yin àgbààgbà tẹ́ ẹ wá láti Agége àti Ògbà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nídìí iná, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́rìnlélógún lèmi Àlàmú fi yọ́ idẹ ní ilé iṣẹ́ yìí ní Ìkẹjà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ̀yin lẹ gbé mi dìde lọ́jọ́ tí iná jó mi lẹ́sẹ̀. Láti àárọ̀ lẹ ti ń yìn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì lónìí.

Ẹ rántí Job tó ń tọ́jú sítọ̀ wa. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fún un ní agolo owó idẹ àtijọ́ ti Róòmù. Tá a bá jẹun ọ̀sán tán, Job á tẹ́ wọn sórí bẹ́ǹṣì, á máa ṣàlàyé ìtumọ̀ àwòrán ara wọn. Ìkookò tó ń fún ìbejì lọ́mú, ìlú Róòmù fúnra rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó gbé òṣùwọ̀n dání, kò sí ìrẹ́jẹ. Ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú, àwọn ọmọ ogun ò ní dalẹ̀ ara wọn. Ó ní, "Bọ̀dá Àlàmú, èyí ni mo fẹ́ràn jù."

Lọ́dún kejì tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí nǹkan le, dé, idẹ wọ́n gan-an, wọ́n sì ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Job wà ní ọsibítù. Ilé búrẹ́dì kan ní Agége ń retí ẹ̀yà ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa, idẹ ò tó. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi bà mí. Mo wọ sítọ̀, mo da owó Job sínú ìkòkò, mo sì dúró títí ó fi yọ́.

Nígbà tí Job dé, tó wá a tì, mi ò fọhùn. Wọ́n ní Shuaib tó ń ṣọ́ géètì ló jí i, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wolẹ̀. Irú èèyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ni.

Job kú lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ bá Shuaib ní ilé ìpẹran Oko Ọba, níbi tó ti ń ru ẹran. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá Àlàmú, Job ò dá mi lóhùn mọ́ títí tó fi kú. Ẹ ò lè lọ sọ fún un mọ́, àbí?" Ó gbé ẹran rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀gá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ lẹ́tà sí Shuaib pé kò jalè. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó jí owó Job síbẹ̀. Aago tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi, mi ò lè gbà á.

Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún Job. Kí Ó dá ohun tí mo gbà lọ́wọ́ Shuaib padà fún un. Kí iná iṣẹ́ yín má kú. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ní irú ọ̀rọ̀ yìí sọ lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé tẹ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.