Ohùn Màámi Nínú Fóònù Àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojú tó tì mí: èmi ni mo jí ohùn ìyá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rò pé àsọdùn ni. Mo jí i, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, mo sì fi ọdún mẹ́sàn-án gbáko wo ojú àbúrò mi kan ṣoṣo tí mo ní, mò ń sọ fún un pé ó ti sọnù. Ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo bá tún gbé e di ọdún kẹwàá, mi ò mọ irú èèyàn tí màá yà mọ́.

Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ní ṣọ́ọ̀bù fóònù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń kó ẹrù àwọn èèyàn láti inú fóònù àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Tábìlì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn onígíláàsì, iná kékeré kan wà lórí rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń gbọn eruku, àti wáyà oríṣiríṣi tó lọ́ mọ́ra wọn. Ẹni tó bá wọlé, ìbéèrè kan náà ni: “Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú, Áńdíróìdì àbí aífóònù?” Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọn ò mọ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wà tí ìyàwó rẹ̀ ń lo ọ̀kan, tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń lo ìkejì. Ńṣe ló jókòó síwájú mi tó ń làágùn, ó ní èyí tí òun bá mú nínú méjèèjì, ìjà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ti kọ́ mi ní ohun tí mo gbọ́dọ̀ bi oníbàárà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan: “Kí ló wà nínú ti àtijọ́ tí ẹ ò lè fara mọ́ kó sọnù?” Ìdí ni pé ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oríṣi fóònù méjèèjì. Fọ́tò á kọjá, nọ́ńbà á kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti ohùn tí èèyàn fi ránṣẹ́ síra wọn, bí wọ́n bá máa ti inú oríṣi kan bọ́ sí èkejì, àfi kí a kó wọn kí a tó ṣí fóònù tuntun náà tán. Bí a bá ti ṣí i tán, tí olówó rẹ̀ ti ń lò ó, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ohun tí mo máa ń ṣàlàyé fún àlejò pátápátá nìyí, àní fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Mi ò sọ ọ́ fún ọmọ ìyá mi.

Èmi àti Màámi la jọ ń gbé nínú yàrá méjì, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú míràn. Ojú Màámi ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò lè tẹ lẹ́tà mọ́, ohùn ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i láràárọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ìdí sítóòfù. “Ẹyinjú mi, ṣé o ti jí? Ṣé o sùn dáadáa? Má jáde láìjẹun o. Òjò ṣú níbí, ṣé ó ṣú lọ́hùn-ún?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọrin díẹ̀, wọ́n á purọ́ pé ara àwọn le bí òkúta. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé fóònù kalẹ̀, ohùn á sì yí padà: “Ìwọ! Omi yẹn ò tíì hó ni?” Èmi nìyẹn. Èmi ni “ìwọ”. Èmi tí mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kí ara wọn má bàa bó, tí mo mọ oògùn tàárọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sán. Ta ló máa gba “omi ò tíì hó” sílẹ̀ nínú fóònù? Ẹni tó bá wà nítòsí, a kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Mo mọ̀ pé Màámi fẹ́ràn mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí wọ́n pè mí ní ẹyinjú lẹ́ẹ̀kan péré. Ó wù mí débi pé oúnjẹ máa ń jó mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀, níbi tí mo ti tẹ́tí. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún! Ẹ wo ìyà.

Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ni fóònù rẹ̀ já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ fọ́ yángá, kò tàn mọ́. Ó yá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó pè mí. “Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi ńkọ́?” Mo ní wọ́n wà bẹ́ẹ̀ náà. “Ṣé kí n fi ìdánwò yìí sílẹ̀ kí n máa bọ̀?” Mo ní kó parí ìdánwò rẹ̀. Màámi gan-an ló mi orí sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kí n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Ọjọ́ kẹta rẹ̀, lọ́sàn-án, mo sáré lọ ra oògùn ní títì. Kò pé ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi padà dé. Màámi ti lọ.

Lẹ́yìn tí a sin wọ́n tán, àbúrò mi gbé fóònù tó fọ́ náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èyí ṣì ṣeé tún ṣe, àbí kí n mú òmíràn? Áńdíróìdì ni mo mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n aífóònù ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi ń lò, wọ́n ní kí n wá sọ́dọ̀ àwọn. Orí mi ò pé tí màá fi yan nǹkan báyìí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni màá ṣe.” Ohun tẹ́ ẹ bá sọ! Kò sẹ́ni tó fọkàn tán mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní kó fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Bó ṣe jáde, mo tú fóònù náà, mo yọ ojú tó fọ́, mo fi òmíràn sí i. Ó tàn. Gbogbo ohùn Màámi wà níbẹ̀, wọ́n tò wálẹ̀ gbọọrọ, irinwó ó lé méjìlá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe wọlé ni ọ̀kan míràn tún já wọlé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́. Mo wo ọjọ́ àti aago tí wọ́n fi í ránṣẹ́. Ìgbà tí mo lọ ra oògùn ni. Mo ti íyápíìsì bọ etí, mo tẹ̀ ẹ́.

“Ẹyinjú mi,” ni Màámi wí, èémí wọn ń já, “wọ́n ní fóònù rẹ fọ́, mo mọ̀ pé wàá gbọ́ ọ bó bá yá. Èmi ni mo ní kí o má wá o. Èmi ni. Bí o bá dé tí o ò bá mi, má sunkún pé ìdánwò lo yàn. Kí o yege, kí o di olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀.” Wọ́n wúkọ́. “Ẹ̀gbọ́n rẹ ń tọ́jú mi. Ó ti rẹ ọmọ yẹn, kò sọ fún mi, ṣùgbọ́n mò ń rí i. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ síni lójú.” Ó parí síbẹ̀.

Mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́fà. Mo sunkún lórí tábìlì yẹn títí oníbàárà kan fi ní òun á padà wá. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ tí mo ti ń retí láti kékeré, òun rèé, inú fóònù ẹlòmíràn! Kí ló dé tí wọn ò pè mí wọ yàrá kí n tó jáde? Ìbínú gbé mi, owú gbé mi, ìfẹ́ náà sì gbé mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn títí dòní. Mo kàn sọ fún ara mi pé tèmi ni ohùn yìí. Irinwó ó lé méjìlá ti wà fún un, ó ti gbọ́ tiẹ̀. Bí mo bá gbé e fún un, á di pé kí n máa bẹ̀ ẹ́ kí n tó gbọ́ ìyá mi. Ẹ gbọ́ irú èrò tí ẹni tó kàwé ń rò.

Bó ṣe dé lọ́jọ́ kejì, mo dá a lóhùn kó tó jókòó. “Mú aífóònù. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ ló yẹ kí o wà.” Mi ò bi í ní ìbéèrè tí Jẹ́jẹ́ kọ́ mi. Mo ti ṣí fóònù tuntun náà tán kó tó wọlé, mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i, mo mọ̀ọ́mọ̀ dí ọ̀nà náà pa. Ó gbà á, ó ń wá nǹkan kiri nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yára sí i. “Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn Màámi dà?” Mo ní fóònù àtijọ́ ti kú fin-ín fin-ín, bó ṣe já bọ́ yẹn ti ba inú rẹ̀ jẹ́, kò sí nǹkan tó ṣeé kó. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, níwájú àwọn oníbàárà, ó di tábìlì mi mú. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí mo fi ń jí láràárọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe pé Màámi fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ yẹn tí mi ò gbọ́? Ẹ rántí dáadáa. Ṣé wọn ò sọ nǹkan kan nípa mi?” Ó ń wo ẹnu mi. Ẹ̀yin èèyàn, fóònù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tó kan orúnkún mi. Mo ní, “Rárá. Wọn ò sọ nǹkan kan.”

Jẹ́jẹ́ rí i. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló wá ìdè kékeré kan tí a fi ń de ẹ̀yìn fóònù nínú dúrọ́ọ̀ mi, ó bá fóònù tí mo ní ó ti kú, iná rẹ̀ ń tàn. Ó wò mí, ó ní, “Jẹ́jẹ́ o, ọmọ yìí. Jẹ́jẹ́.” Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ má dá sí i, ọ̀rọ̀ ilé wa ni.” Ó ti dúrọ́ọ̀ náà, kò dá sí i. Òun náà mọ ohun tí dídákẹ́ rẹ̀ fà, ó ti sọ fún mi lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì.

Àbúrò mi ò lọ gba ìwé ẹ̀rí ìdánwò yẹn títí dòní. Ó ní ìwé tí òun tìtorí rẹ̀ fi ìyá òun sílẹ̀ kí wọ́n dá kú, kí ilé ẹ̀kọ́ máa gbé e sọ́dọ̀ ara wọn. Kò ṣe olùkọ́. Aṣọ fèrèsé ló ń rán. Bí a bá sì jọ jókòó, kò sí ìgbà tí kì í sọ ọ́: “Ká ní mo ti wá lọ́jọ́ tí mo pè yín yẹn.” Èmi á ní kó gbàgbé, èmi tí mo ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Bí aago oúnjẹ ọ̀sán bá lù, màá wọ yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó páálí sí, màá ti íyápíìsì bọ etí. Mo mọ ibi tí Màámi ti ń wúkọ́ nínú gbogbo wọn. Mo gbìyànjú títí kí ẹyinjú yẹn lè jẹ́ èmi. Kò jẹ́ rárá. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ńṣe ni mo dà bí ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé.

Oṣù tó kọjá ló tún wá sí ṣọ́ọ̀bù, fóònù rẹ̀ ti gbó. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó tún dé o, èwo ni kí n mú?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀ lójijì. Ó ní, “Ẹ bá mi sín Màámi jẹ díẹ̀. Mò ń gbìyànjú lánàá láti rántí ohùn wọn, mi ò rí i mọ́. Mò ń rí ojú wọn, ẹnu wọn ń mì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan.” Ó ń wá ohùn náà lójú mi. Mi ò lè sín wọn jẹ. Mo ní inú ń run mí, mo sá wọ yàrá ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá a nílé. Mo gbé fóònù náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe kà á yìí. Mo rò pé á gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ní, “Ìgbà tí mo bi yín ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ ti gbọ́ ọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ẹ wá ní rárá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ dìde. Ẹ bọ́ síta fún mi.”

Mo bọ́ síta, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà, èyí tí kò gbọ́ rí ló kọ́kọ́ tẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó tún un gbọ́. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ìgbà tó yá ni ohùn rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. “Ẹ̀gbọ́n mi, Màámi ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín dáadáa. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé tí ẹ tọ́jú wọn.” Kò ṣílẹ̀kùn.

Títí di òní tí mò ń kọ èyí, kò tíì gbé ìpè mi. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ wà nílé pẹ̀lú òbí, tí ẹ ń jowú àwọn tó wà lókèèrè, ẹ sọ fún wọn pé ó ń dùn yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tí etí ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ àbúrò mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kó gbàgbé o. Kó ṣáà ṣílẹ̀kùn fún mi.