Ojú Ìwé Kejì Tí Mo Pín Kiri

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ọkọ̀ wíwà, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń gbọ́ orúkọ mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti délé dóko, oníkálukú sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ bó ṣe rí, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Èmi tí ẹ ń pè ní Tíṣà Rọra, tí mo máa ń sọ "rọra, rọra" sí yín létí títí ọkàn yín á fi balẹ̀, ìkà ni mo ṣe, mo sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ṣùgbọ́n ẹ má káàánú mi. Ìṣẹ́gun ló gbẹ̀yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́ láìfi ojú pamọ́.

Obìnrin kan wà tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ìró ẹ́ńjìnnì lásán ń bà á lẹ́rù. Nígbà tó yá, òun náà di tíṣà, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ sí òpópónà kejì sí tèmi. Tíṣà Obìnrin ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ tutù, sùúrù rẹ̀ pọ̀, àwọn tí ọkọ̀ ń bà lẹ́rù sì ń wọ́ lọ bá a. "Ọ̀gá mi" ló ń pè mí níbikíbi tó bá ti rí mi. Èmi á dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, inú mi á sì máa hó bí omi gbígbóná.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó pákó fi ẹ̀yìn rìn wá gbá ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó dúró sí ní oríta. Apá rẹ̀ kán. Mo lọ kí i nílé ìwòsàn, mo tilẹ̀ mú ọsàn dání. Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ, mo ní mo fẹ́ rí ti oríta. Àṣìṣe rẹ̀ ni mo ń wá, kí n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀ kò bi mí pé ta ni mí, kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó ṣáà ní, "Ìwé gbogbo ayé ni, bàbá," ó sì tì í sí mi lábẹ́ gíláàsì.

Ojú ìwé méjì ni. Èkíní sọ bí ọkọ̀ ṣe kọlu ọkọ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé awakọ̀ akẹ́rù ló jẹ̀bi. Èkejì ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí, nọ́ńbà ilé rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti ohun tó sọ fún ọlọ́pàá nínú ìrora: pé láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, oorun kò kun òun mọ́, pé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn lòun ti ń bọ̀, pé oògùn lòun ń lò kóun tó lè sùn. Gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, kò sọ èyí fún mi rí. Kì í ṣe èmi náà ló sọ ọ́ fún lọ́jọ́ yẹn.

Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń ṣe fọ́tókópì, mo ní kó ṣe ogójì ẹ̀dà ojú ìwé kejì nìkan. Ó kà á, ó gbójú sókè.

"Tíṣà, ṣé kì í ṣe àṣírí ìyá yìí nìyí?"

"Ìwé gbogbo ayé ni," ni mo fi dá a lóhùn.

Ó mi orí, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ojú ìwé kìíní tó dá obìnrin náà láre, mo ká a, mo kì í bọ àpò. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oníkálukú ti lọ síbi iṣẹ́, ni mo ń ti ẹ̀dà wọ̀nyẹn sábẹ́ ilẹ̀kùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mẹ́rìnlá ti fi í sílẹ̀, mẹ́sàn-án nínú wọn sì wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá kan ní, "Tíṣà, a gbọ́ pé orí obìnrin yẹn ò pé." Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa ṣàánú rẹ̀." Ẹ gbọ́ irú ẹnu!

Ibi tó burú jù ni mo ń bọ̀ yìí. Nígbà tí apá rẹ̀ san tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ra líìnì fóònù tuntun. Láràárọ̀, nígbà tí mo mọ̀ pé ó ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, mo máa ń pè é, mo máa ń yí ohùn padà: "Ìwọ wèrè yìí, ṣé o ti gbé oògùn rẹ mì?" Màá sì pa fóònù. Àárọ̀ mẹ́tàdínlógún. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ó wọlé tọ̀ mí wá, ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹnì kan ń pè mí. Ó mọ̀ nípa oògùn mi. Ta ló sọ fún un?"

Mo fa àga kan fún un, mo sì bu omi fún un. "Má gbé ìpè rẹ̀ mọ́," ni mo wí. "Ọlọ́run á bá ọ mú un." Líìnì náà wà nínú àpò ṣòkòtò mi bí mo ṣe ń ṣàdúrà yẹn. Ó sì dúpẹ́! Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. N kò pè é mọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì pe ìyẹn ní ìrònúpìwàdà, èmi ọ̀dájú.

Obìnrin náà ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló pàpà fi ẹ̀dà ìwé náà hàn án, ó wá mọ ọ́fíìsì tó ti jáde, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìlú, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí wọ́n fi gbà láti jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ta ni ẹ rò pé ó wá bẹ̀ pé kó tẹ̀lé òun? "Ọ̀gá mi, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ṣáà jókòó tì mí."

Gbọ̀ngàn náà kún. Ọ̀gá ọ́fíìsì ìjàm̀bá dìde. "Ìwé yìí gbọ́dọ̀ wà ní gbangba. Ẹni tí wọ́n kọlù nílò rẹ̀, àwọn tó ń tún títì ṣe nílò rẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà níbẹ̀, n kò tíì rí ẹnì kan ṣoṣo tó fi ṣe ẹlòmíràn níbi. Ẹ fi ẹnì kan hàn mí!"

Alága, ìyá àgbà kan tó wọ awò ojú, yíjú sí Tíṣà Obìnrin. "Ta ló gbà á, ìyá?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Tíṣà Obìnrin jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Kí n tó mọ̀, mo ti dìde. "Èmi ni," ni mo wí. "Ẹnì kan tí ọ̀gá ní kí wọ́n fi han òun, òun ló dúró yìí." Mo sọ gbogbo rẹ̀, ogójì ẹ̀dà, àárọ̀ mẹ́tàdínlógún. Mo ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ẹni tó ṣe fọ́tókópì rẹ̀. N kò lè wo ojú obìnrin náà. Ọ̀gá ọ́fíìsì rọra jókòó. Alága ní, "Ẹ tún un sọ, bàbá, kí akọ̀wé lè kọ ọ́." Mo tún un sọ, ohùn mi sì lọ sókè ju ti àkọ́kọ́. Ìtìjú bò mí, ṣùgbọ́n ayọ̀ kan tí n kò mọ̀ rí ń ru sókè nínú mi. "Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé mọ ibi tí ọkọ̀ ti kọlu ọkọ̀ àti ẹni tó jẹ̀bi. Mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣùgbọ́n ilé obìnrin yìí, fóònù rẹ̀, omijé rẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀, kí ló kàn mí níbẹ̀?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n pè wá padà. Alága kà á sétí wa: wọ́n á máa fi yíǹkì dúdú pa ilé, fóònù, ọjọ́ ìbí àti ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ́ kí ìwé tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tọ́ràn ò kàn, ẹni tó bá sì wá béèrè gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ àti ohun tó fẹ́ fi ṣe. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, àtẹ́wọ́ ń ró wàá-wàá. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìkọ́ni mi fún ọdún kan. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún wọn. Ìyàwó mi, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ mi, ní, "Lónìí ni mo tún rí ẹni tí mo fẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìwé ẹlòmíràn bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, bí òfin tilẹ̀ ní kí ẹ kà á, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Èmi kò béèrè.

Lórí àtẹ̀gùn ìta gbọ̀ngàn, Tíṣà Obìnrin dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa bá mi sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí.

"Ọ̀gá mi, mi ò tíì dárí jì yín o. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín."

"Mo gbọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó na ìwé ìdájọ́ náà sókè, ẹ̀rín sì bẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Àmọ́ a borí!"

"A" ló wí. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ìwé yìí. Ìgbà tó bá wù ú ni kó dá mi lóhùn.